Epìyà ní Etí Omi Ìlú
Kò sí ará Kúta tí kò mọ epìyà nínú ọbẹ̀. Bí a ti ń mú un létí omi ìlú ni a fẹ́ sọ. Ní Òṣogbo, a kì í pẹja nínú Igbó Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn sọ pé láti inú Àtẹ́wọ́gbẹja ni oyè Àtáọ́ja ti wá, nítorí ẹja tí ọba tẹ́wọ́ gbà létí odò. Ọ̀ràn Ìbàdàn yàtọ̀. Ní ọdún 1942 ni a sé odò Ọnà ní Ẹlẹ́yẹlé fún omi ẹ̀rọ. Epìyà a máa gbẹ́ kòtò bí àwo síbi tí omi kò jìn, kí ó lè yé ẹyin sí i. Nítorí náà ẹni tí kò ní ọkọ̀ pàápàá, bí ó bá fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, á rí tirẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kan náà ni ìdọ̀tí ìlú ń kọ́kọ́ ṣàn dé.