Ta Ni Ó Ń Sọ Ìtàn Ogun Náà fún Wa?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdọọdún, àwa akẹ́kọ̀ọ́ Agége àti Ìkẹjà máa ń ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ọjọ́ yìí gan-an, ní ọdún 1967, ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà lára wọn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gágun Odumegwu Ojukwu kéde Biafra. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje, ó sì parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970.

Nígbà tí ogun parí, Gowon ní kò sí ẹni tó borí, kò sì sí ẹni tí wọ́n borí. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ṣùgbọ́n ó dà bí àgádágodo sí ẹnu àwọn tó borí. Ìjọba tilẹ̀ yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ kéékèèké fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó dá a padà.

Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà: ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn Ìgbò kò lè gbàgbé ebi tó pa ọmọ wọn. Wọn kò lè gbàgbé pé iye yòówù kí wọ́n ní ní báńkì, 20 pọ́n-ùn péré ni wọ́n fún wọn. Nígbà tí òfin ọdún 1972 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta ìpín ìdókòwò wọn fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ wọn kò ní owó tí wọn yóò fi rà á. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà nínú ilé. Chimamanda Adichie, tí wọ́n bí ní ọdún 1977, kọ ìtàn ogun tí kò fojú rí sínú ìwé *Half of a Yellow Sun* ní 2006. Lónìí, ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi mọ ogun náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó pàdánù náà máa ń ṣa ohun tó fẹ́ rántí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, ọmọ ogun Biafra wọ Agbedeméjì Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì dé Ore nílẹ̀ Yorùbá. Ken Saro-Wiwa, ọmọ Ogoni, kọ̀wé pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà tó wà nínú Biafra ló fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ fi Asaba pamọ́, níbi tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà.

Bàbá mi àgbà kì í sọ̀rọ̀ ogun náà rí. Aládùúgbò wa, bàbá Ìgbò kan, ló sọ fún mi pé àwọn jẹ alángbá nígbà ogun. Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ọmọ Ìgbò kan ló ń lo ẹ̀rọ kan ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ó sá lọ sílé ní 1966. Èmi ni wọ́n fi sí ìdí ẹ̀rọ náà. N kò béèrè rẹ̀ mọ́."

Ìtàn yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ sọ tiyín fún wa kí ẹ tó lọ.