Bí ẹ ṣe lè kó àdírẹ́sì ímeèlì jọ láì tú àṣírí àwọn tó ni wọ́n

Akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 80 kò nílò láti máa tẹ àdírẹ́sì 80 lọ́kọ̀ọ̀kan nígbàkígbà tí ìpàdé bá ku sí dẹ̀dẹ̀. Ohun méjì ni ó ń dín iṣẹ́ yìí kù lórí ímeèlì: àkójọ àdírẹ́sì àti orúkọ ìnagijẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ibi tí ó yẹ kí ó kọ orúkọ àkójọ sí lè tú àṣírí gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀.

Kí ni àkójọ àdírẹ́sì?

Àkójọ ni orúkọ kan ṣoṣo tí ó dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Label" ni wọ́n ń pè é lórí Google Contacts. "Contact list" ni lórí Outlook. Ẹ ó fún un ní orúkọ, bíi "Ìgbìmọ̀ Òbí", ẹ ó sì kó àdírẹ́sì àwọn ènìyàn náà sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, orúkọ àkójọ nìkan ni ẹ ó máa tẹ̀.

Orúkọ ìnagijẹ ńkọ́?

Ìnagijẹ jẹ́ àdírẹ́sì mìíràn tí ó ń já sí àpótí ímeèlì kan náà. Bí ilé ìwé bá ní àdírẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "info", akọ̀wé lè lọ kí òmíràn sì dé, àdírẹ́sì tí àwọn òbí mọ̀ kò ní yí padà. Lórí Gmail, ẹ lè fi àmì + àti ọ̀rọ̀ kan, bíi "+ileiwe", sí iwájú àmì @ nínú àdírẹ́sì yín. Ímeèlì yóò ṣì dé ọ̀dọ̀ yín, yóò sì rọrùn láti yà á sọ́tọ̀.

Níbo ni ewu wà?

Àkójọ kì í fi àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ pamọ́. Bí ẹ bá kọ orúkọ rẹ̀ sí "To" tàbí "Cc", gbogbo ẹni tí ó gba ímeèlì náà ni yóò rí àdírẹ́sì àwọn yòókù. "Bcc" ni ó ń bò wọ́n.

Irú àṣìṣe yìí lè fi ẹ̀mí wéwu. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, lẹ́yìn tí Taliban gba ìjọba, iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí àwọn ará Afghanistan 245 tí wọ́n ń retí àtikúrò nílùú. "To" ni wọ́n kó àdírẹ́sì wọn sí. Àwòrán àwọn 55 tún hàn pẹ̀lú. Ẹni méjì fèsì sí gbogbo ènìyàn, ọ̀kan nínú wọn sì sọ ibi tí òun wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ICO, àjọ tí ó ń mójú tó ààbò ìsọfúnni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bu owó ìtanràn £350,000 lé iléeṣẹ́ náà.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe?

Ẹ kọ àdírẹ́sì tiyín sí "To", kí ẹ sì kọ orúkọ àkójọ sí "Bcc". Ẹ yọ orúkọ àwọn tí ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gbẹgẹ́, ẹ má gbára lé "Bcc" nìkan: ẹ lo ètò tí ó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí ẹni tí ó bá ṣèèṣì tẹ "To" lẹ́ẹ̀kan kò lè gba àdírẹ́sì wọ̀nyí padà mọ́.