Ìgbésẹ̀ mélòó? Grete Hermann àti ìtàn ìṣirò ìdéàlì

A sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti orí kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ní 1926, ìwé ìròyìn Mathematische Annalen ní Jámánì tẹ iṣẹ́ Grete Hermann jáde, akẹ́kọ̀ọ́ Emmy Noether ní Göttingen. Ohun tó ń wádìí ni pé: bí a bá ní àwọn pọlinọ́míà mélòó kan, báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá òmíràn wà nínú ìdéàlì wọn, ìgbésẹ̀ mélòó ni yóò sì gbà?

Ìdéàlì ni gbogbo ohun tí a lè rí bí a bá fi pọlinọ́míà tó wù wá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di púpọ̀, tí a sì ro wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á pe àwọn tí a fi bẹ̀rẹ̀ ní òbí rẹ̀. Hilbert ti fi hàn ní 1890 pé òbí tó níye tó fún ìdéàlì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n pé nǹkan wà kò sọ bí a ṣe máa rí i.

Ẹ wo òbí méjì yìí: xy − 1 àti y² − 1. Ṣé x − y jẹ́ ọmọ wọn? Bí a bá to àwọn lẹ́tà bí ìwé atúmọ̀-èdè ṣe ń to ọ̀rọ̀ (ìtò yìí kò ṣàjèjì sí àwa onímọ̀ èdè), tí a sì fẹ́ fi wọ́n pín x − y, kò sí èyí tó pín in. A ó ní kì í ṣe ọmọ wọn. Irọ́ ni! Fi y sọ ti àkọ́kọ́ di púpọ̀, fi x sọ èkejì di púpọ̀, kí o yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́: xy² yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, x − y ni yóò kù.

Bruno Buchberger ló sọ ìparẹ́ yìí di ọ̀nà ìṣirò nínú iṣẹ́ dókítà rẹ̀ ní Innsbruck, ní 1965: gbé òbí ní méjì-méjì, ṣe ìparẹ́, fi ohun tó bá ṣẹ́kù kún àwọn òbí, títí nǹkan kan kò fi ní ṣẹ́ kù mọ́. Ó fi orúkọ olùkọ́ rẹ̀, Gröbner, pe àkójọ tó ń jáde níbẹ̀.

Ọ̀nà ti Hermann yàtọ̀. Ó fi ààlà sí bí agbára àwọn ohun tí a fi ń sọ òbí di púpọ̀ ṣe lè ga tó. Ìdọ́gba onílà-tààrà nìkan ló kù láti yanjú. Ààlà náà ga lọ́nà tó ń dẹ́rù bani: bí lẹ́tà bá jẹ́ 10, agbára 1024 ló wà nínú rẹ̀. Àléébù wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú, Seidenberg sì ṣàtúnṣe rẹ̀ ní 1974.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé ọwọ́ Hermann ló wúwo. Mayr àti Meyer fi hàn ní 1982 pé kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn ìdéàlì kan wà tí ọ̀nà kankan kò lè fi sá fún irú ìnáwó yẹn. Ohun tí wọ́n fi fi í hàn sún mọ́ wa: òfin tí ń pààrọ̀ ọ̀wọ́ lẹ́tà kan sí òmíràn, bí òfin gírámà, àfi pé níbí, ab àti ba kò yàtọ̀.