Ọmọ Tí Wọ́n Ní Ká Má Dárúkọ

Láti Odò-Ẹrẹ̀ níbí, ní Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn, ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tòní, ohùn jẹ́jẹ́ la fi máa ń sọ ọ́ nínú ilé: “Má jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ o.”

Ọkùnrin kan ní obìnrin níta. Àbúrò rẹ̀ mọ̀, ọmọ rẹ̀ mọ̀, awakọ̀ mọ̀, gbogbo wọn ló sì ní kí wọ́n panu mọ́. Mọ̀lẹ́bí mi kan ti bẹ èmi náà bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ jù báyìí lọ, torí ó máa ń gbọ́ ètò yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: ìgbà wo gan-an ni irú nǹkan báyìí di àṣírí?

Ẹ rí i, láyé àtijọ́, ọkùnrin Yorùbá tó bá fẹ́ obìnrin kejì kì í fi pamọ́. Á rán alárinà, á san ohun ìdána, ìyálé á sì mọ ẹni tó ń bọ̀. (Obìnrin kò ní irú ààyè yẹn ní tirẹ̀. Bí òun bá yan àlè, ẹjọ́ ni. Ká má tan ara wa.)

Ní 1884, ìjọba amúnisìn gbé òfin ìgbéyàwó kalẹ̀ fún Èkó. Ẹni tó bá fi òfin yìí gbéyàwó kò gbọdọ̀ ní ju aya kan lọ, ogún rẹ̀ á sì tọ aya yẹn àti àwọn ọmọ tó bí lọ, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Sàró àti àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó gba òrùka ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kristin Mann kọ ìwé kan nípa wọn ní 1985, Marrying Well. Ó fi hàn níbẹ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí tún ní obìnrin mìíràn, ilé mìíràn, àti ọmọ níbòmíràn. Àwọn kan ò fẹ́ irú ayé méjì bẹ́ẹ̀. United Native African Church tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1891 gba oníyàwó púpọ̀ láàyè. Àwọn tó kù dákẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àṣírí yìí ti gba àwọ̀ tó ní lónìí. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló wà nídìí rẹ̀, ogún wà níbẹ̀.

Tí bàbá bá wá kú ńkọ́? Kóòtù ni wọ́n ń gbà lọ. Nínú ẹjọ́ Alákẹ́ àti Pratt, ní 1955, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọmọ ìta tí bàbá ti jẹ́wọ́ pé òun ló bí i lè bá àwọn ọmọ ìyàwó olórùka pín ogún. Ní 1960, nínú ẹjọ́ Cole àti Akínyẹlé, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti àpapọ̀ fa ìjánu: ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìgbéyàwó olórùka ṣì wà kò lè fi ìjẹ́wọ́ bàbá nìkan di ọmọ òfin. Ó di 1979 kí ìwé òfin Nàìjíríà tó sọ pé a kò gbọdọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ènìyàn dù ú ní ẹ̀tọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà ní abala 42 nínú ti 1999.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ṣì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọmọ bàbá yìí ni òun. Ẹ̀rí wo ló ní? Pé bàbá sọ ọ́ lórúkọ, pé ó san owó ilé-ìwé, pé ó mú un wá han ẹbí. Ohun tí wọ́n ń ní ká pa mọ́ gan-an nìyẹn! Mo sọ fún mọ̀lẹ́bí mi pé bí ọmọ bá wà ńbẹ̀, mi ò lè bá a pa ìyẹn mọ́. Kò tíì dá mi lóhùn.

Ti wa níbí tún yàtọ̀. Òyìnbó kó Kábà mọ́ Àríwá, nítorí náà nígbà tí ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 30 oṣù kẹsàn-án, 1960, ó kan Odò-Ẹrẹ̀. Abala 387 wà fún ọkùnrin alágbèrè, 388 fún obìnrin: ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì, fún ẹni tí àṣà ìbílẹ̀ rẹ̀ bá ka nǹkan náà sí ọ̀ràn. Ní Èkìtì tó bá wa pààlà, ìwé òfin ti Gúúsù ni wọ́n ń lò nígbà náà, kò sì ka àgbèrè sí ọ̀daràn. Ẹ gun ọ̀kadà díẹ̀, òfin ti yí padà.

Ohun kan ṣì kù. Òfin ẹ̀rí ti 2011, abala 187, ní a kò lè fipá mú ọkọ tàbí aya láti tú ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ sọ fún un nínú ìgbéyàwó. Ọmọ, àbúrò, awakọ̀: kò dárúkọ ìkankan wọn níbẹ̀.