Ilé Ọlọ́fin: Ìdílé Tó Tẹ Ilẹ̀ Èkó Dó

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Carter sí Ìdó lónìí, ariwo ọkọ̀ àti ọjà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Erékùṣù ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi iyanrìn dí omi, ibẹ̀ sì ni ibùjókòó Ọlọ́fin wà. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti tàn ká ilẹ̀ tí à ń pè ní Èkó.

Ìtàn àwọn Àwórì, ìran Yorùbá tó tẹ Èkó dó, sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre ti gbéra. Ó gbé àwo lé orí Odò Ògùn, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e lọ. Ìṣẹ́rì ni àwo náà rì sí, ibẹ̀ sì ni wọ́n tẹ̀dó sí. Nígbà tí ogun kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èbúté Mẹ́ta. Nígbẹ̀yìn, wọ́n kọjá sí Ìdó, níbi tí ọ̀sà ti di odi fún wọn.

Ọlọ́fin pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àrómirẹ́ gba erékùṣù òdìkejì, ó fi í dá oko ata. Orí oko náà ni Ìgá Ìdúngánran, ààfin ọba Èkó, dúró lé títí dòní. Ojora jókòó ní Ìjọ́rà, Oníru ní Ìrù, Olúwa ní ìhà Apápá. Ọlọ́tọ̀ ló jókòó sí Ìdó àti Ọ̀tọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì nà gba Èbúté Mẹ́ta dé ìhà Yábàá àti Sùúrùlérè. Àwọn wọ̀nyí àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni Ìdẹ́jọ, àwọn ìjòyè onífìlà funfun tó ni ilẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ọmọ ogun Ọba Orhogbua ti Bìní pàgọ́ sí Èkó. Lẹ́yìn náà ni ìran Àṣípa, ẹni tí Bìní fi ṣe olórí Èkó, di ọba; Gàbàró, ọ̀kan nínú wọn, sì gbé ìtẹ́ kúrò ní Ìdó lọ sí Ìgá Ìdúngánran. Ọba tuntun ń ṣàkóso, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn Ìdẹ́jọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pá tó gbé ìtàn Èkó ró.

Nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ di ìṣòro. Ní 1867, àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n lé kúrò ní Abẹ́òkúta wá tẹ̀dó sí Èbúté Mẹ́ta. Réluwé tẹ̀ lé wọn, ó sì dé Ìbàdàn láti Ìdó ní 1901. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku ti 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú sílẹ̀ ní 1928, ìgbìmọ̀ náà sì la òpópónà Yábàá. Láti 1955, nígbà tí wọ́n ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìdánwò ilé Ọlọ́fin ti dé kí ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú tó wáyé. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Apápá. Olóyè Àmódù Tìjání, tó wà lórí oyè Olúwa nígbà náà, béèrè owó ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ yìí dáhùn pé ẹ̀tọ́ àbójútó lásán ló ní, kì í ṣe ilẹ̀ gan-an. Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ́nù, Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó, sì bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà níbẹ̀, tí Viscount Haldane sọ̀rọ̀ fún, dá a láre: ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ, olóyè ń dì í mú fún wọn, bí ìjọba bá sì gbà á, iye rẹ̀ pátápátá ni kí wọ́n san. Pọ́n-ún 22,500 ni wọ́n san níkẹyìn.

Àwọn ìdílé kan ń kọ ẹ̀rí ilẹ̀ wọn sára òkúta. Ní gúúsù Íńdíà, ìdílé ọba Chola gbẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ẹ̀bùn wọn sára ògiri tẹ́ńpìlì Thanjavur tí wọ́n parí ní 1010. Ẹni tó bá mọ ìkọ̀wé Tamil àtijọ́ lè kà á síbẹ̀ lónìí. Ilé Ọlọ́fin kò ní òkúta bẹ́ẹ̀. Ẹnu àgbà, oyè àti fìlà funfun ló fi pa tirẹ̀ mọ́, ìrántí yẹn sì tó láti borí ìjọba amúnisìn nílé ẹjọ́ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, ìdájọ́ Olúwa di ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí ní ọ̀pọ̀ ibi tí ẹjọ́ ilẹ̀ àbínibí bá ti dé lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa pa àrọ́bá ń dín kù. Ẹ̀yin àgbà ilé Ìdẹ́jọ, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ ẹnu yín sílẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Yábàá, Múṣin àti Sùúrùlérè, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín nípa Ìdó àti ọdún 1921, kí wọ́n mọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀.