Kọ̀ǹkéré Onífáíbà ní Calgary

Kọ̀ǹkéré onífáíbà ni kọ̀ǹkéré tí wọ́n fi okùn tín-ín-rín kún lágbára, irú bí okùn kábọ́ọ̀nù, ti gíláàsì tàbí ti ọ̀rá. Calgary, ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e kúrò ní yàrá ìwádìí lọ sójú títì.

Ìpìlẹ̀ ìwádìí
Kọ̀ǹkéré, gẹ́gẹ́ bí amọ̀ sísun, kò bẹ̀rù ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, kíá ló ń sán. Fáíbà ló ń di ojú ibi tó sán mú kó má baà já. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: ìwé Ẹ́kísódù sọ̀rọ̀ nípa koríko gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì ní Íjíbítì. Ní 1963, Romualdi àti Batson ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí wáyà kéékèèké ṣe ń dá ibi tó sán dúró nínú kọ̀ǹkéré. Ní 1971, Aveston, Cooper àti Kelly ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò bí ohun líle tó ní fáíbà nínú ṣe ń sán díẹ̀díẹ̀ dípò kó fọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń ṣe sérámíìkì onífáíbà náà gbára lé ìṣirò yìí.

Ìṣòro Calgary
Lásìkò òtútù, wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní Chinook a fẹ́, yìnyín a di omi. Kò ní pẹ́ tí omi náà yóò tún dì. Omi iyọ̀ yìí ń wọnú kọ̀ǹkéré, irin inú rẹ̀ a dógùn-ún, a wú, a sì bú kọ̀ǹkéré náà. Kábọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ kì í dógùn-ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yíjú sí i.

Afárá Beddington Trail
Ní 1993, wọ́n kọ́ afárá yìí, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Kánádà. Sami Rizkalla àti Gamil Tadros wà lára àwọn ẹnjinníà tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Okùn kábọ́ọ̀nù oríṣi méjì láti Japan ni wọ́n fà le sínú bíìmù mẹ́fà. Irin máa ń fà gùn kó tó já, èyí sì ń kìlọ̀ fúnni. Kábọ́ọ̀nù kì í ṣe irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ri okùn gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá sínú bíìmù náà. Bí bíìmù bá nà, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ yóò yí díẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì ka ìyípadà náà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 1999, àwọn ohun ìwọ̀n náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Afárá Crowchild Trail
Ní 1997, wọ́n tún dẹ́kìn afárá yìí (ojú ibi tí ọkọ̀ ń gbà) ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹkéré tí wọ́n po fáíbà ọ̀rá mọ́. Àmúró irin pẹlẹbẹ wà nísàlẹ̀ dẹ́kìn, ní ìta kọ̀ǹkéré, wọ́n so bíìmù kan mọ́ èkejì. Bí ọkọ̀ bá tẹ dẹ́kìn, yóò fẹ́ ti àwọn bíìmù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmúró kò ní jẹ́ kí wọ́n sún.

Ipa rẹ̀
Ní 1995, wọ́n dá ẹgbẹ́ ìwádìí ISIS Canada sílẹ̀ ní Winnipeg láti mú iṣẹ́ náà gbòòrò. Òfin ìkọ́ afárá Kánádà ti ọdún 2000 ya apá kan sọ́tọ̀ fún fáíbà. Ọ̀rọ̀ irin tó ń dógùn-ún nínú kọ̀ǹkéré kan Èkó náà, níbi tí òpó Third Mainland Bridge ti wà nínú omi ọ̀sà látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ Calgary ṣe kedere: afárá tí a bá fẹ́ mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ ogbó, ìgbà tí a ń kọ́ ọ ló yẹ ká ti fi ohun ìwọ̀n sínú rẹ̀.