Òṣùwọ̀n àti Ẹ̀rí Agbára: Ìtàn Ìwọ̀n ní Onitsha

Onitsha wà ní etí ìlà-oòrùn Odò Ọya, ní Ìpínlẹ̀ Anambra, ọjà ńlá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ di ìlú tí a mọ̀ mọ́ òwò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìbéèrè kan kì í kúrò nínú ìtàn irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé iye tí wọ́n pe ẹrù ni ẹrù náà wọ̀n lóòótọ́. Ìbéèrè náà ni ó tún ń jẹyọ lónìí ní ilé ìdárayá tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní jíìmù, níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ jẹ́rìí agbára wọn. Ohun tí ìtàn Onitsha fi hàn ni pé nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀rí, àfi bí òṣùwọ̀n tí ó ti jáde bá jẹ́ ọ̀kan náà fún tẹrú-tọmọ, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1857, ọkọ̀ ojú omi Dayspring, tí Dókítà William Balfour Baikie jẹ́ olórí ìrìn àjò rẹ̀, gbé àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ bíbí Òṣogùn, àti John Christopher Taylor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Igbo, dé Onitsha, wọ́n sì dá iṣẹ́ ìhìnrere ẹgbẹ́ Church Missionary Society (CMS) sílẹ̀ níbẹ̀. Òwò bá ìhìnrere rìn, nítorí Macgregor Laird, oníṣòwò tí ó pèsè ọkọ̀ náà, ṣí ibùdó òwò sí ìlú náà láti máa ra epo pupa, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, tí wọ́n sì ń fi pa irin ẹ̀rọ kí ó lè máa yọ̀. Lásìkò náà, àyè tí epo gbà nínú ohun èlò ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ìwúwo: inú akèrègbè àti ìkòkò ni àwọn tí ó ń tà á ń gbé e wá, tí wọ́n á sì dà á sínú àgbá onígi ti ẹni tí ó ń rà á. Ọ̀nà ẹ̀tàn kò jìnnà sí irú ìwọ̀n yìí, nítorí ẹni tí ó ń rà lè mú ohun èlò tí ó tóbi ju èyí tí wọ́n jọ fẹnu kò sí lọ, ẹni tí ó ń tà náà sì lè po omi tàbí ìdọ̀tí mọ́ epo.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i nígbà tí ilé iṣẹ́ George Goldie gba ìwé àṣẹ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1886, tí ó di Royal Niger Company, tí ó sì gbá òwò odò náà mú títí ìjọba fi gba àṣẹ náà padà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Níbi tí ẹni tí ó ń rà bá ti jẹ́ ẹyọ kan, tí òṣùwọ̀n sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ibòmíràn tí ẹni tí ó ń tà lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1928 sí 1929, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwúwo ra epo àti ekùrọ́, èyí tí ó yẹ kí ó péye ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Síbẹ̀, lẹ́yìn Ogun Àwọn Obìnrin tí ìbẹ̀rù owó orí dá sílẹ̀ ní ìlú Oloko ní agbègbè náà ní oṣù Kọkànlá 1929, òṣùwọ̀n tuntun yìí wà lára ohun tí àwọn obìnrin fi ẹ̀hónú hàn sí. Àwọn obìnrin náà jàre, nítorí ojú wọn mọ bí ìkòkò ṣe ń kún, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń ka iye tí ó wà lójú òṣùwọ̀n fún wọn.

Òfin Ìwọ̀n àti Òṣùwọ̀n tí Nàìjíríà ṣe ní 1974 gbé orílẹ̀-èdè náà sórí kílò àti lítà, ó sì fún ìjọba ní agbára láti yẹ òṣùwọ̀n àwọn oníṣòwò wò. Síbẹ̀ náà, agolo àti ike ọ̀dà òfìfo tí wọ́n ń pè ní péńtà ni wọ́n ṣì fi ń wọn ìrẹsì àti gàárì ní ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Igbo, bí kóńgò ṣe wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Agolo tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú dà bí odindi lójú ẹni tí ó ń wò ó láti òkè, ó sì máa ń ga ṣóńṣó bí wọ́n bá bu ìrẹsì kún un, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ nígbà tí ó ṣófo ni yóò mọ ohun tí ó sọnù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ wíwọn agbára ènìyàn rí. Emmanuel Ifeajuna, ọmọ Onitsha tí ó kàwé ní Dennis Memorial Grammar School, fo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́jọ sókè, tí í ṣe mítà 2.03, ní Vancouver ní 1954, ó sì di ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba góòlù nínú ìdíje àgbáyé. Kò sí ẹni tí ó lè jiyàn rẹ̀, nítorí ọ̀pá kan náà ni gbogbo àwọn olùdíje fò, àwọn adájọ́ sì ti wọn gíga rẹ̀. Nínú ìdíje irin gbígbé, ọ̀pá irin àwọn ọkùnrin gbọ́dọ̀ jẹ́ kílò 20, ti àwọn obìnrin kílò 15, adájọ́ mẹ́ta sì ní láti wo bí wọ́n ṣe gbé e. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Sydney ní 2000, ní ìpele kílò 75 ti àwọn obìnrin, Ruth Ogbeifo ti Nàìjíríà, María Isabel Urrutia ti Kòlóńbíà àti Kuo Yi-hang ti Taiwan gbé àpapọ̀ kílò 245 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo ara wọn, tí wọ́n ti wọ̀n kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ni ó fún Urrutia, tí ara rẹ̀ fúyẹ́ jù, ní góòlù, tí ó sì fún Ogbeifo ní fàdákà.

Ẹ̀rọ ilé ìdárayá kò ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Arthur Jones ti gbé ẹ̀rọ Nautilus jáde ní Amẹ́ríkà ní 1970, tí ó fi kẹ̀kẹ́ tí kò rí róbótó yí ìwúwo padà bí apá ṣe ń ká, ni ó ti hàn gbangba pé nọ́ńbà ara irin àti agbára tí ara ń lò kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí okùn bá gba abẹ́ kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó ń gòkè pẹ̀lú ẹrù, irin kílò 60 kò ní ju nǹkan bí 30 lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn tí yóò fà yóò gùn ní ìlọ́po méjì. Lórí ẹ̀rọ tí a ń fi ẹsẹ̀ tì, tí ojú irin rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n dígíìrì 45, ẹrù kílò 200 kò tẹ ẹsẹ̀ ju bí 141 lọ, ká tó ka bí irin ṣe ń ha irin, tí ó sì ń dá a dúró. Àwọn ẹ̀rọ kan tilẹ̀ ń fi páùn kọ iye wọn, 100 páùn kò sì ju nǹkan bí kílò 45 lọ.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun gbé kílò 200 béèrè ẹ̀rọ tí ó lò, bí okùn rẹ̀ ṣe rìn àti ibi tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ó parí sí. Kí ẹni tí ó fẹ́ fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn lo ọ̀pá irin lásán àti irin tí wọ́n ti gbé sórí òṣùwọ̀n. Kí ó fi nọ́ńbà ẹ̀rọ wé ti ara rẹ̀ nìkan, lórí ẹ̀rọ kan náà. Ẹ̀tọ́ láti yẹ òṣùwọ̀n wò tọ́ sí ẹni tí ó ń ta epo ní 1929, ó tọ́ sí ẹni tí ó ń ra ìrẹsì ní Onitsha lónìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi du ara rẹ̀ ní ilé ìdárayá.